Onílé Kan, Ayálégbé Méjì: Bí Mo Ṣe Fi Ẹ̀rọ Ṣe Iṣẹ́ Ayé Mi ní Ọ̀wọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dá mi dúró lójú ọ̀nà mọ́sálásí, tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dára láti kọ́, ẹ jókòó kí n dá gbogbo yín lóhùn pọ̀. Orúkọ mi ni Mùráínà. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, àárín ìlú ni wọ́n bí mi sí, láàárín àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ń tú ẹ̀rọ tí mo sì ń tò ó padà. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kù tí mò ń tọ́jú, inú ilé mi ló wà, òun ló sì le jù nínú gbogbo èyí tí mo fọwọ́ kàn rí. Mà á dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń san fún wa, kó lọ bi ẹlòmíràn. A jẹun, a bímọ, a kọ́lé, ó tán.

Bàbá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Sálíù nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà. Tápùráítà ni Ọ̀gá Sálíù ń tún ṣe, lẹ́yìn Ọjà Ọba. Ti kóòtù, ti ilé ìwé, ti ọ́fíìsì ìjọba, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo wọn wá. Bàbá mi ní, "Ọmọ rẹ rèé." Ọ̀gá wo ọwọ́ mi, kò wo ojú mi, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ọmọ iṣẹ́.

Odindi ọdún kan ni mo fi ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti kẹrosíìnì fọ lẹ́tà ẹ̀rọ. Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà tó ju gbogbo òfin lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí ẹ̀rọ oníbàárà àfi tó bá ti fi han Ọ̀gá pé òun lè dé e. Kì í ṣe pé òun lè rí àìsàn rẹ̀ o. Pé òun lè dé e. Tápùráítà àlòkù kan wà tó fi ń kọ́ wa. Á ní kí n tú u palẹ̀, kí n kó skúrù rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, oríṣi kọ̀ọ̀kan sí agolo tirẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti fọ́n ká sórí ẹní, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan: "Ó tó. Dé e." Kò kàn án bóyá mo ti rí ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà tàbí n kò tíì rí i.

Lọ́jọ́ kan tí Iléyá ku ọ̀la, tápùráítà kóòtù kan wà lọ́wọ́ mi. Mo ti tún un ṣe, ó ń tẹ̀ dáadáa, ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ àgbò. Ọ̀gá yẹ inú àwọn agolo wò, ó mú skúrù kékeré kan jáde.

"Mùráínà, ti ta ni èyí?"

"Ó ṣẹ́ kù ni, Ọ̀gá. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Ẹ̀rọ kì í bímọ. Tú u."

"Ọ̀gá, ọ̀la ni Iléyá."

"Mo mọ̀. Èmi náà ní àgbò nílé. Tú u, mà á dúró tì ọ́."

Ó dúró tì mí lóòótọ́. Ó gbé àpótí kan jókòó, ó ń jẹ obì títí mo fi rí ihò tí skúrù náà ti jáde. Omi ojú mi ń kán sínú irin. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, ìdí tèmi sì gbóná débi pé mo kórìíra Ọ̀gá fún ọdún kan gbáko. Lónìí, bí mo bá ń ṣe àdúà fún àwọn òbí mi tó ti lọ, mo máa ń fi orúkọ rẹ̀ kún un.

Mo gba òmìnira, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn ọ́fíìsì, tápùráítà sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan bí àgbàlagbà. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Akúrẹ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo dé, Ọ̀gá wá wò mí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣí ọ̀kan níwájú rẹ̀, mo ń fi í yangàn. Ó wo inú rẹ̀ títí.

"Níbo ni ọ̀rọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀?"

Mo fi dísìkì hàn án.

"Bí èyí bá kú ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gá, ìyẹn ti tápùráítà nìyẹn. Èyí kì í kú." Ọ̀gá dìde. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rín tí èèyàn ń rín nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nǹkan tuntun.

Ẹ̀rín yẹn ló bí àjálù tí mo fẹ́ sọ. Ilé ìwé girama aládàáni kan wà láàárín ìlú, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ó sì ti kógbá sílé báyìí. Wọ́n ní kí n to kọ̀ǹpútà sí ilé ìwé wọn. Mo ra ẹ̀rọ ńlá kan tó máa gba ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn yòókù dúró, èyí tí à ń pè ní sáfà. Máàkì gbogbo ọmọ, láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí dé àṣekágbá, inú rẹ̀ ló wà. Mo fi dísìkì méjì sínú rẹ̀ kí èkejì lè máa da ti èkíní kọ. Mo wá dìde láàárín àwọn olùkọ́, mo ní kí wọ́n sinmi ìwé máàkì kíkọ, pé ẹ̀rọ ti dé. Gbogbo wọn fi ìwé wọn dáná, àfi ẹnì kan. Olùkọ́ èdè Yorùbá kan báyìí, Miss Fọlákẹ́, ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti Isuada, ló ní òun ò sinmi.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀rọ yín kò tíì bá mi pé ọdún kan," ló wí. "Ìwé mi ti bá mi pé mẹ́fà."

Inú bí mi. Mo pè é ní ará oko.

Ẹ mọ̀ pé bí ọdún Igogo bá wọlé ní Ọ̀wọ̀, fìlà kì í sí lórí ọkùnrin, gèlè kì í sì í sí lórí obìnrin. Ẹni tó bá ti ìlú mìíràn wá, bó bá ti wọ ìlú ni yóò ṣí fìlà rẹ̀, yóò sì máa wá ibi tó máa gbé e sí. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé ìwé yẹn, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá. Sáfà mi wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà, orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èmi gan-an, tí mo ti Akúrẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ni mo kọ́kọ́ gbé fìlà mi lé e. Àwọn tó tẹ̀ lé mi rí fìlà kan níbẹ̀, wọ́n gbé tiwọn lé e, àwọn obìnrin ká gèlè wọn síbẹ̀. Orí ibẹ̀ gan-an ni ihò tí ooru ń gbà jáde wà. Fún ọjọ́ mẹ́ta, láti àárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ yẹn dé fìlà ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dé e. Ní ọjọ́ kẹrin, ó pariwo díẹ̀, ó dákẹ́. Dísìkì méjèèjì ti jóná mọ́ ara wọn.

N kò lè sọ bí ara mi ṣe rí fún yín tán. Wọ́n ní láti fi máàkì àwọn ọmọ àṣekágbá ránṣẹ́ fún ìdánwò ńlá láàárín oṣù méjì, kò sì sí ẹyọ kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi ti èdè Yorùbá, èyí tó wà nínú ìwé Miss Fọlákẹ́. Mo ránṣẹ́ sí Ọ̀gá. Ó dé, ó di ọ̀pá mú, ara rẹ̀ kò le mọ́.

"Níbo ni àdàkọ rẹ̀ wà?"

"Nínú dísìkì kejì, Ọ̀gá."

"Níbo ni dísìkì kejì wà?"

"Nínú ẹ̀rọ náà."

Ó mi orí. "Ìwọ lo fi kọ́kọ́rọ́ kejì sínú ilé tí o tì pa." Kò rán mi létí ẹ̀rín ọjọ́sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi ń lọ láti ilé dé ilé, mò ń bẹ àwọn ọmọ àti òbí wọn kí wọ́n wá ìwé ìdánwò tó ti pẹ́ fún mi, kí n lè to máàkì jọ padà. Wọ́n ti fi ìwé di ẹ̀pà, wọ́n ti fi dí ihò fèrèsé. Àwọn kan lé mi. Miss Fọlákẹ́ ló ń bá mi lọ nígbà tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, torí òun ló mọ ilé àwọn ọmọ. Kò bú mi lẹ́ẹ̀kan. Máàkì pé, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àkókò tó tó. Kí ọdún tó yí, mo ti lọ bá àwọn ará ilé rẹ̀ ní Isuada láti tọrọ rẹ̀. Bàbá mi kùn pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìyá rẹ̀ náà kùn pé ọmọ mọ́sálásí ni mí. Wọ́n kùn tán, wọ́n gbà fún wa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Tíṣà.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, n kò ní fi wọ́n gba àkókò yín. Mo to ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn, mo to fún báńkì kékeré, mo to fún àwọn ọ́fíìsì ní Ọ̀wọ̀ àti ní agbègbè Ọ̀sẹ́. Irinṣẹ́ ń yí padà lọ́wọ́ wa. Mo fi skúdiráífà bẹ̀rẹ̀, mo dé ìgbà tí n kò fọwọ́ kan irin fún oṣù kan, tí gbogbo iṣẹ́ wà lójú kọ̀ǹpútà. Ìgbà yẹn náà ni ọgbọ́n kan dé tó jẹ́ kí ẹ̀rọ kan di ẹ̀rọ púpọ̀: kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà. Ẹ rò ó bí ilé oníyàrá. Irin náà ni ilé. Ètò kan wà tó jẹ́ onílé, òun ló ń pín iná àti omi. Àwọn kọ̀ǹpútà tó kù jẹ́ ayálégbé, oníkálùkù ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kò mọ ohun tí ará kejì ń sè. Bí ayálégbé kan bá dáná sun ẹní rẹ̀, ògiri ò ní jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Ohun tó kù ni kéèyàn mọ ẹni tó ń fi ṣe onílé.

Ọ̀rọ̀ onílé yìí ló dé inú ilé mi lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì.

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi. Dípò kó sinmi, ó gbé fóònù, ó ń lọ sí Isuada, Okeluse àti Arimogija, ó ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an láti ilé. Ó ní àwọn ọmọ wa ti ń pe ulé ní ilé, wọ́n ń pe eghó ní owó, tó bá ku ọdún díẹ̀ sí i, Ọ̀ghọ̀, èdè Ọ̀wọ̀ tí à ń sọ, yóò parẹ́, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀ pé ó wà rí. Ọdún méje ló fi ṣe é. Ẹni àkọ́kọ́ tó gba ohùn rẹ̀ ni ìyá rẹ̀, ní Isuada, Ìyá tó ti di olóògbé báyìí. Bí fóònù bá ti kún ni yóò kó gbogbo rẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀, yóò sì pa ti fóònù rẹ́.

Láptọ́ọ̀pù yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ké kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Ohùn méjì kò ṣí mọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti bàbá àgbẹ̀ kan ní Arimogija tí wọ́n ti sin. Mo gbé etí lé e, mo sì mọ ohun tí mo gbọ́.

"Pa á," mo wí fún Tíṣà. "Má tàn án mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tó máa lè jí, a ò sì gbọ́dọ̀ jí i àfi tí ibi tí ẹrù ń lọ bá ti wà nílẹ̀."

"Ibo ló ń lọ?"

"Sínú sáfà tí mà á tò sílé."

Ó wò mí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń rò. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Ní oṣù yẹn kan náà, iná mànàmáná tó wá lójijì jó kọ̀ǹpútà ọmọ wa, Láńre. Láńre ti tó ọkùnrin, ilé ló ti ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan lókè òkun. Wọ́n máa ń fi eré orí kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí i kó tó jáde, á ta á, á kọ àléébù rẹ̀ fún wọn. Iṣẹ́ gidi ni o, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi rí bó ṣe ń làágùn. Irú eré bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹ̀rọ alágbára. Sólà orí òrùlé wa kò sì lè gbé ẹ̀rọ alágbára méjì. Ẹyọ kan ni. Eré Láńre àti ohùn Tíṣà gbọ́dọ̀ jọ gbé ilé kan náà.

A jókòó ní pálọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Tíṣà fọwọ́ lẹ́rán.

"Bàbá Láńre, ṣé inú ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń yìnbọn ni ẹ fẹ́ kó ìyá mi sí?"

"Mọ́mì, wọn ò ní pàdé ara wọn," ni Láńre wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ ṣe sọ nípa dísìkì méjì."

Mo kàn sọ fún un pé n kò ní bẹ̀ ẹ́ kó gbà mí gbọ́, pé mà á ṣe é lójú rẹ̀, tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó má tan láptọ́ọ̀pù náà láyé. Ó ní, "Ó dáa." Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé bí yóò bá gbà mí ní ọdún kan, ohùn àwọn èèyàn yẹn kò ní kú sọ́wọ́ mi.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, onílé mẹ́ta ló sì wà níwájú wa. Láńre fẹ́ kí Windows jẹ́ onílé, kí eré máa wáyé lórí rẹ̀ tààrà, kí sáfà máa gbé yàrá ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Eré yá gan-an lọ́nà yẹn, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dán eré wò máa ń pa ẹ̀rọ tó sì ń tàn án ní ìgbà mẹ́fà lójúmọ́, gbogbo ìgbà tí onílé bá sùn, ayálégbé sùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Windows ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe, kò bi ẹnikẹ́ni, ó ti gbogbo ilé pa. Mo ní onílé tó ń bá ayálégbé ta ayò, tó bá bínú, géètì ló máa tì. A yọ ọ́ kúrò.

Èyí kejì ni mo fẹ́ràn. Onílé ńlá ni, òun ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ó dé orí ẹ̀rọ wa, ó ní òun ò rí ojú ibi tí okùn ńẹ́tíwọ̀kì ń wọlé. Kò mọ irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bá a jà.

"Dádì, ẹ̀rọ ńláńlá ni wọ́n ṣe èyí fún," ni Láńre wí. "Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀kẹta."

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Àkísà náà ni mò ń wí, sà. Ó ti gbó."

Inú bí mi, mo dìde lọ sẹ́yìnkùlé. Mo wo ewúrẹ́ aládùúgbò títí. Ohun tó dùn mí ni pé òótọ́ ló sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́, kì í ṣe ohun tó yẹ ilé wa. Mo padà wọlé, mo ní kó mú ẹ̀kẹta wá.

Ẹ̀kẹta, ọ̀fẹ́ ni, àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ ń kọ ọ́. Ó máa ń jókòó sórí irin tààrà, kò ta ayò, kò ṣe nǹkan mìíràn ju kó ṣe onílé lọ. Ó lè mú káàdì tó ń gbé àwòrán eré, kó fà á lé ayálégbé kan lọ́wọ́ pátápátá. Ìyẹn gan-an ló dá wa lóró. Bí onílé bá ti fún eré ní káàdì yẹn, òun fúnra rẹ̀ kò ní ohun tó fi ń ríran mọ́, ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Fóònù ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìta. Ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sínú ìwé, èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kejìlá, ojú ẹ̀rọ là, eré bẹ̀rẹ̀, sáfà sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ ní yàrá kejì.

Láńre tan gbogbo eré tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì nínú wọn kọ̀. Àwọn eré kan wà tó máa ń yẹ ibi tí wọ́n wà wò nítorí àwọn oníjìbìtì. Tí wọ́n bá rí i pé yàrá àyágbé ni, wọn kì í ṣí. Méjì yẹn ni wọ́n sì ń torí rẹ̀ yìn ín níbi iṣẹ́. Mo mọ ohun tó máa sọ, pé ká padà sí ti Windows. Mo ti ń wá èsì.

Láńre ní, "Mà á kọ̀wé sí ọ̀gá mi kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní méjèèjì."

"Ṣé o ti rò ó dáadáa?"

"Dádì, ọ̀dọ̀ Màmá Isuada ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ."

Mo fọwọ́ lé e léjìká. Inú mi dùn sí ọmọ mi lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí lọ.

Ó wá ku Tíṣà. A kó fọ́tò ilé wa sínú sáfà, ká lè fi wọ́n dán an wò. Mo gbé àga fún un. Láńre ń ta eré lọ́wọ́, mo sì ń fi àwọn fọ́tò hàn án lórí fóònù rẹ̀. Mo pa yàrá eré lójijì. Fọ́tò ń ṣí. Mo ní kó fa dísìkì kan yọ, èyí tó bá wù ú. Ó fà á yọ bí ẹni ń fa ehín ọ̀tá. Fọ́tò ń ṣí. Mo wá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, onílé àti ayálégbé, irin nìkan ló kù. Àdàkọ gbogbo rẹ̀ wà nínú dísìkì kan tí mo ti gbé sílé àbúrò rẹ̀ ní Isuada. Láńre lọ gbé e. Láti ìrun Àìlà títí dé ti Àlàásárì ni mo fi tún ilé náà kọ́ láti inú dísìkì Isuada, Tíṣà kò dìde lórí àga. Nígbà tí fọ́tò àkọ́kọ́ ṣí, ó wò ó, ó ní, "Ẹ dé e lóòótọ́."

Ó wọlé lọ gbé láptọ́ọ̀pù wá.

Mo jẹ́ kó mọ̀ pé tó bá jí, ó lè kú lẹ́nu iṣẹ́, àti pé ohun tó bá kọ́kọ́ kọjá ló dájú jù. "Ti ta ni ká fi ṣáájú?"

Láńre ní, "Ti Màmá Isuada."

Tíṣà ń fi àtàǹpàkò nu ọmọrí láptọ́ọ̀pù náà. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Arimogija," ló wí níkẹyìn. "Lẹ́yìn náà Okeluse. Àwọn wọ̀nyẹn, èmi nìkan ni mo gba ohùn wọn. Ìyá mi bí ọmọ márùn-ún, wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹ fi tirẹ̀ sẹ́yìn."

"Mọ́mì."

"Mo ti wí."

Mo tàn án. Ó ké, ó jí. Arimogija kọjá, gbogbo rẹ̀. Okeluse kọjá, ó ń dúró, ó ń mí, ó tún ń lọ. Isuada bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà ibẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá kan ti Ìyá, ohùn gígùn kan tó tó ogójì ìṣẹ́jú. Ibẹ̀ ni láptọ́ọ̀pù náà ti ké kẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ké mọ́. Mo gbìyànjú gbogbo ohun tí mo mọ̀. Kò jí mọ́ títí di òní.

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré nínú ohùn Ìyá ló ti kọjá. Mo bi Tíṣà bóyá ó fẹ́ gbọ́ ọ tàbí kó di ọjọ́ mìíràn. Ó ní kí n ṣí i.

Ìyá ń sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ulé nígbà èwe rẹ̀, bí àwọn obìnrin ṣe ń gbé omi tí àwọn ọkùnrin ń fi po amọ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́ ketekete. Ó rẹ́rìn-ín sí ohun kan. Ó dúró, bí ẹni tó rántí pé fóònù wà níwájú òun, ó ní, "Fọlákẹ́, ṣé ó ń gbọ́ mi?"

Ibẹ̀ ló ti gé.

Tíṣà na ọwọ́, ó fi kan ara ẹ̀rọ náà.

"Ó ń gbọ́ yín, Ìyá," ló wí.

Ó fi etí aṣọ nu ojú. Ó wá yíjú sí mi. "Ṣé dísìkì Isuada ti ní i?"

Mo ní kò tíì ní i, pé mà á da á kọ, tó bá di Sọ́ńdè a ó gbé e lọ.

"Ẹ da á kọ báyìí."

Mo da á kọ. Ó fi aṣọ wé dísìkì náà, ó gbé e sáyà, ó jáde lọ dá ọ̀kadà dúró, oòrùn kò sì tíì wọ̀ nígbà tó dé Isuada.